Orí Kẹsàn-án: Ibi Tí Ilẹ̀ Dísìkì Ti Bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ará ilé wa ló jẹ́ pé ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Bouaké dáadáa, ọjọ́ tí Super Eagles fi pẹnáritì lé South Africa jáde nínú ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní pápá Stade de la Paix. Àwọn ará Èjìgbò kò dúró de bọ́ọ̀lù kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Láti ayé àwọn bàbá wọn ni wọ́n ti ń ṣòwò lọ sí Côte d'Ivoire, níbi tí wọ́n ti ń pe Yorùbá ní Anago. Wọ́n ń tajà ní Abidjan, wọ́n sì ń tẹ̀ síwájú wọ àwọn ìlú àárín orílẹ̀-èdè náà. Bouaké ni igbá kejì Abidjan ní ti títóbi. Ojú irin dé ibẹ̀ ní 1912, ẹrù sì ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí Burkina Faso àti Mali.

Ìwé tí oníṣòwò ń fi gègé kọ gbèsè sí ti ń di dátábéèsì nínú kọ̀ǹpútà níbẹ̀ báyìí, bó ṣe ń rí ní Ìbàdàn àti Cotonou: iye ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó jẹ gbèsè, owó tó gba orí fóònù wọlé. Kì í sì ṣe oníṣòwò nìkan. Ní M'bé, ìtòsí Bouaké, ni ibùdó ìwádìí AfricaRice wà. Ibẹ̀ ni Monty Jones, ọmọ Sierra Leone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí ìrẹsì NERICA ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ tó mú kí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn World Food Prize ní 2004. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2002 tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìlú náà, ibùdó yìí ní láti ṣí kúrò. Olú ilé iṣẹ́ wọn wà ní Cotonou láti 2005, 2015 ló sì tó padà sí Côte d'Ivoire. Oríṣi irúgbìn ìrẹsì tó lé ní 20,000 ni wọ́n ń tọ́jú, àwọn kan sì fi ìgbà kan wà ní ìtọ́jú ní ibùdó ìwádìí IITA nílùú Ìbàdàn. Oríṣi kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀: abúlé tí wọ́n ti rí i, ọdún tí wọ́n gbà á, bó ṣe ṣe nígbà tí òjò kò rọ̀. Irúgbìn tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá sọnù ti di kóró ìrẹsì lásán.

Àkọsílẹ̀ oníṣòwò ni o, ti olùwádìí ni o, orí dísìkì ni gbogbo wọn ń gbé. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú orí yìí kò pọ̀. Ibi tí partition ti bẹ̀rẹ̀ lórí dísìkì, àti ìwọ̀n tí a fi fọ́máàtì í, jẹ́ ìpinnu tí a ń ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí dátà kankan tó wọlé. Tí a bá ṣe é ṣòdì, dátábéèsì á máa san owó rẹ̀ nígbà gbogbo tó bá kàwé tàbí tó bá kọ̀wé. Fífi kún RAM kì í tún un ṣe. Kódà, server tuntun lè má tún un ṣe, a ó sì rí ìdí rẹ̀ níwájú.

Nọ́ńbà 63

Dísìkì kì í kọ báìtì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìpín ìpín ló fi ń kọ ọ́, ìpín kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ sẹ́kítọ̀. Láti ìgbà tí IBM ti gbé kọ̀ǹpútà PC XT tó ní dísìkì líle nínú jáde ní 1983, báìtì 512 ni sẹ́kítọ̀ kan. Bí a bá fẹ́ yí lẹ́tà kan ṣoṣo padà, odidi sẹ́kítọ̀ ni dísìkì á tún kọ.

Partition ni ààlà tí a pa sórí dísìkì, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé láti ibí dé ibí ni ti Windows, láti ibí dé ibí ni ti dátábéèsì. Tábìlì kékeré tó ń sọ ibi tí àwọn ààlà náà wà, èyí tí a mọ̀ sí MBR, inú sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ pátápátá ló ń gbé. 1983 kan náà ló dé, pẹ̀lú PC DOS 2.0.

Láyé ìgbà náà, ọ̀nà mẹ́ta ni àdírẹ́sì sẹ́kítọ̀ pín sí: silíńdà, orí tó ń kàwé, àti nọ́ńbà sẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ lórí ipa ọ̀nà rìbìtì tí orí náà ń tọ̀. Bíìtì mẹ́fà péré ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún nọ́ńbà yìí, láti 1 ni wọ́n sì ti ń kà á, nítorí náà kò lè ju 63 lọ lórí ipa ọ̀nà kan. Wọ́n fi ṣe àṣà pé kí partition máa bẹ̀rẹ̀ ní orí ipa ọ̀nà tuntun. MBR gba ipa ọ̀nà kìíní fún ara rẹ̀, partition àkọ́kọ́ sì bọ́ sí sẹ́kítọ̀ 63, bí a bá ka sẹ́kítọ̀ láti òdo. Ẹ sọ 512 di ìlọ́po 63, ẹ ó rí 32256. Windows XP, Windows Server 2003 àti fdisk àtijọ́ ti Linux, báìtì 32256 yìí ni gbogbo wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ partition àkọ́kọ́ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò sí ẹni tó ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Nígbà tí sẹ́kítọ̀ gidi jẹ́ 512, ibikíbi tí partition bá ti bẹ̀rẹ̀, ojú ààlà ló wà. Bí dísìkì ṣe ń tóbi sí i, silíńdà àti orí tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà kò tilẹ̀ jọ bí inú rẹ̀ ṣe rí mọ́. Àmọ́ 63 kò kúrò níbẹ̀, nítorí pé àwọn ètò àtijọ́ ń retí rẹ̀.

Ìgbà tí sẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ yí padà ni wàhálà dé. Láàárín sẹ́kítọ̀ kan àti ìkejì, dísìkì ní láti fi àlàfo sílẹ̀, kó sì kọ àwọn kóòdù tó fi ń tún àṣìṣe kíkà ṣe. Bí sẹ́kítọ̀ kéékèèké bá ti pọ̀ jù, àyè ń ṣòfò. IDEMA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe dísìkì, fẹnu kò sórí sẹ́kítọ̀ báìtì 4096, wọ́n pè é ní Advanced Format, wọ́n sì fi oṣù Kìíní 2011 ṣe gbèdéke fún dísìkì kọ̀ǹpútà alábẹ́lé àti alágbèéká. Kí àwọn ètò àtijọ́ má bàa kú, ọ̀pọ̀ nínú dísìkì wọ̀nyí ń díbọ́n: 4096 ni wọ́n ń lò nínú, 512 ni wọ́n ń sọ síta.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà. Ìlọ́po 8 ti 4096 jẹ́ 32768. Partition àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ ní 32256. Ó ku báìtì 512 kó dé ojú ààlà. Nítorí náà gbogbo ìpín 4096 tí fáìlì bá ń gbà lórí partition náà á gun ààlà: báìtì 512 rẹ̀ á wà ní ìdí sẹ́kítọ̀ kan, báìtì 3584 tó kù á wà nínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ó dà bí ìgbà tí télọ̀ bá fi ìka méjì ṣi àlùmọ́gàjí gé orí aṣọ Àǹkárá alápòótí: kì í ṣe àpótí àkọ́kọ́ nìkan ló máa gé sí méjì, bí ó ṣe ń gé e lọ bẹ́ẹ̀ dé ìdí aṣọ ni kò ní sí àpótí kan tó pé.

Wàyí o, ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí dátábéèsì bá fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀. SQL Server àti PostgreSQL ń tọ́jú dátà ní ojú ewé tó jẹ́ báìtì 8192. InnoDB, tó wà nínú MySQL, ń lo 16384. Bí partition bá wà lójú ààlà, ojú ewé 8192 gba sẹ́kítọ̀ gidi méjì géérégé. Dísìkì á kọ ọ́, ó tán. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ ní 32256, ojú ewé kan náà á fara kan sẹ́kítọ̀ mẹ́ta. Ti àárín kún, àmọ́ díẹ̀ díẹ̀ ló gbà nínú ti orí àti ti ìdí. Dísìkì kò lè kọ díẹ̀ nínú sẹ́kítọ̀, torí náà ó ní láti kọ́kọ́ ka méjèèjì jáde, kó fi tuntun rọ́pò ibi tó yẹ, kó tó kọ gbogbo rẹ̀ padà. Dísìkì tó ń yí ìgbà 7200 ní ìṣẹ́jú kan la sábà ń rí lọ́jà, ìyẹn 120 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Yíyí kan ń gbà tó mílísẹ́kọ́ńdì 8.3. Lẹ́yìn tí orí bá ti ka sẹ́kítọ̀ tán, sẹ́kítọ̀ náà ti kọjá, ó sì di ìgbà tí dísìkì bá yí kan odindi kó tó lè kọ sí i. Fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà kan, mílísẹ́kọ́ńdì 8 kò jẹ́ nǹkan. Dátábéèsì tó ń kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ewé káàkiri dísìkì ní ìparí oṣù kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Western Digital mọ̀ pé àwọn tó ń lo XP á kàgbákò. Lórí àwọn dísìkì Advanced Format tí wọ́n kọ́kọ́ tà, wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún irin kékeré kan tí a lè fi so píìnì 7 àti 8 pọ̀ lẹ́yìn dísìkì. Bí a bá ti so wọ́n, dísìkì á máa fi oókan kún nọ́ńbà sẹ́kítọ̀ gbogbo tí kọ̀ǹpútà bá béèrè. Windows á ní 63, dísìkì á gbọ́ 64. Ẹni tó ní partition kan ṣoṣo ló wúlò fún. Bí a bá yọ irin náà lẹ́yìn tí dátà ti wọlé, Windows kò ní rí partition rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí dísìkì bá pọ̀

Àwọn tó ń tọ́jú dátábéèsì ńlá ti mọ ìṣòro yìí ṣáájú 2011, nítorí RAID, ètò tó ń so ọ̀pọ̀ dísìkì pọ̀ bí ọ̀kan. Nínú RAID tó ń pín dátà, olùdarí á gé dátà sí wẹ́wẹ́, á kọ gígé kìíní sórí dísìkì A, ìkejì sórí B, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ̀n gígé tó wọ́pọ̀ ni 64 KB, ìyẹn báìtì 65536. Ohun tí à ń fẹ́ ni pé kí ìbéèrè kan máa lọ sọ́dọ̀ dísìkì kan, kí àwọn yòókù lè ráyè jẹ́ ẹlòmíràn lóhùn.

Ẹ tún mú 32256 wá. SQL Server fẹ́ràn láti ka ojú ewé mẹ́jọ pa pọ̀, èyí tó jẹ́ 64 KB gẹ́lẹ́. Bí partition bá bẹ̀rẹ̀ ní 32256, 64 KB àkọ́kọ́ á ní báìtì 33280 lórí dísìkì A àti 32256 lórí dísìkì B. Èyí tó tẹ̀ lé e á rí bákan náà. Kò sí ìkan tó máa bọ́ sórí dísìkì kan ṣoṣo. Dísìkì méjì ló ń dìde fún iṣẹ́ tó yẹ kí ọ̀kan ṣe. Tí a bá ń ka ojú ewé 8 KB ní kọ̀ọ̀kan, ìyà náà dínkù: ọ̀kan péré nínú mẹ́jọ ló máa gun ààlà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń wá orúkọ oníbàárà kan lè má mọ nǹkan kan lára, tí ẹni tó ń tẹ ìṣirò gbogbo ọdún jáde á sì jókòó títí.

Jimmy May àti Denny Lee kọ ìwé kan fún Microsoft lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2009, ìwé tí àwọn tó ń tọ́jú SQL Server kì í fi ṣeré. Wọ́n fi àyẹ̀wò hàn nínú rẹ̀ pé títo partition mọ́ ààlà nìkan, láìfi kún ẹ̀rọ, lè yọ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú àkókò ìdúró. Ìṣirò méjì ni wọ́n ní kí a máa ṣe, kí ìdáhùn méjèèjì sì jẹ́ odidi nọ́ńbà. Ẹ fi ìwọ̀n gígé RAID pín ibi tí partition ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìwọ̀n àdìpọ̀ tí a fi fọ́máàtì pín ìwọ̀n gígé RAID. Èmi kò tíì rí ìlànà mìíràn tó kúrú tó báyìí tó sì ṣe é gbára lé tó báyìí nínú iṣẹ́ yìí.

Ṣáájú ìwé náà ni Microsoft ti tún ojú ọ̀nà ṣe. Láti Windows Vista àti Windows Server 2008, báìtì 1048576, ìyẹn 1 MB, ni partition ti ń bẹ̀rẹ̀. Linux náà gba ibẹ̀: fdisk àti parted òde òní ń bẹ̀rẹ̀ ní sẹ́kítọ̀ 2048, tó jẹ́ ibì kan náà. Ìwà rere nọ́ńbà yìí ni pé ó gba gbogbo ènìyàn láyè. Ìlọ́po 256 ti 4096 ni, ìlọ́po 16 ti 65536 ni, ó sì bá 128 KB, 256 KB àti 512 KB mu.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kan ní Bouaké

Ẹni tó bá kà á dé ibí lè sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí nígbà náà, ta ló ṣì ń lo Windows 2003? Ohun tí mo rí ní ilé ìtajà ẹ̀yà ara ọkọ̀ kan ní Bouaké ni màá fi dáhùn. Ẹ̀gbọ́n tó ni ibẹ̀, ọmọ Èjìgbò tí wọ́n bí sí Côte d'Ivoire, ra server tòkunbọ̀, irú ẹrù tí wọ́n ń pè ní France-au-revoir tó bá jẹ́ ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà dára. Windows Server 2008 ló wà lórí rẹ̀, dísìkì mẹ́rin sì wà nínú rẹ̀ fún dátà, lórí RAID 10. Síbẹ̀, ìṣirò ọjà ìparí oṣù ń falẹ̀.

"Àbúrò, ṣé owó RAM ni kí n tún lọ wá?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká wo dísìkì ná."

Mo ṣí ojú dúdú tí a ń tẹ àṣẹ sí, mo tẹ `wmic partition get Name, StartingOffset`. Ìlà mẹ́ta jáde, lédè Faransé. Ti Windows fúnra rẹ̀ kà 1048576. Ti partition tí dátábéèsì wà lórí rẹ̀ kà 32256.

Windows 2008 kò ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó tún ẹ̀rọ náà ṣe fún ẹ̀gbọ́n ló fi ètò ìdàkọ kó partition dátà ti ẹ̀rọ àtijọ́ wá, sẹ́kítọ̀ sí sẹ́kítọ̀, kí iṣẹ́ lè yá. Ìdàkọ kó gbogbo nǹkan wá, ó kó ibi ìbẹ̀rẹ̀ náà wá pẹ̀lú. Windows tuntun kì í tún partition tó bá nílẹ̀ ṣe; àwọn tó bá dá fúnra rẹ̀ nìkan ló ń tò dáadáa. Báyìí ni 63 ti ọdún 1983 ṣe ń rìnrìn àjò láti dísìkì dé dísìkì. Ó ń wọ inú ẹ̀rọ aláfarawé náà, nígbà tí wọ́n bá sọ server gidi di fáìlì kan lórí VMware tàbí Hyper-V. Níbẹ̀, ààlà mẹ́ta ló yẹ kó bára mu: ti partition inú, ti fáìlì tó gbé e, ti dísìkì tó gbé fáìlì náà. Bí ìkan bá yẹ̀, ìyókù yẹ̀.

A kó dátà ẹ̀gbọ́n kúrò, a pa partition náà rẹ́, a dá òmíràn sí 1048576, a fọ́máàtì í, a dá dátà padà. RAM tó wà níbẹ̀ kò yí padà, dísìkì kò yí padà. Ìṣirò oṣù náà yára sí i lójú gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀.

Lórí Windows òde òní tí kò ní wmic mọ́, ẹ lo `Get-Partition | Select-Object DiskNumber, PartitionNumber, Offset` nínú PowerShell. Lórí Linux, `cat /sys/block/sdb/sdb1/start` á sọ nọ́ńbà sẹ́kítọ̀ tí partition ti bẹ̀rẹ̀. 2048 ló yẹ kí ẹ rí. Bí ẹ bá rí 63, ẹ ti rí ọ̀tá. `parted /dev/sdb align-check optimal 1` náà á sọ ọ́ ní tààrà.

Ìwọ̀n fọ́máàtì

Fọ́máàtì ni iṣẹ́ kejì, ó sì rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí a bá ń fọ́máàtì NTFS, à ń yan ìwọ̀n àdìpọ̀ tó kéré jù tí fáìlì lè gbà. Bí a kò bá sọ nǹkan kan, 4 KB ni Windows ń yàn lórí dísìkì tó wọ́pọ̀. Fún dísìkì tí fáìlì SQL Server ń gbé, 64 KB ni ìmọ̀ràn Microsoft, nítorí pé ó bá ojú ewé mẹ́jọ mu. Àṣẹ rẹ̀ nìyí: `format F: /FS:NTFS /A:64K /Q`. Ẹ má ṣe é fún dísìkì tí ẹ̀ ń kó fọ́tò àti lẹ́tà sí. Fáìlì 1 KB á gba 64 KB níbẹ̀, àyè á ṣòfò.

Lórí Linux, ìpín ext4 àti XFS kì í sábà kọjá 4 KB, ọ̀nà mìíràn la fi ń bá RAID sọ̀rọ̀. A ń sọ fún `mkfs.xfs` bí gígé RAID ṣe tóbi tó àti iye dísìkì tó ń gba dátà. Fún RAID 10 alápá mẹ́rin tí gígé rẹ̀ jẹ́ 64 KB, ó di `mkfs.xfs -d su=64k,sw=2 /dev/sdb1`. Méjì ni a kọ, nítorí pé méjì tó kù jẹ́ ẹ̀dà.

Iná tó lọ lójijì

Apá yìí ni mo kà sí pàtàkì jù, òun sì ni àwọn tó ń kọ̀wé láti ilẹ̀ tí iná kì í lọ máa ń fojú fò. Ní 2021, láti oṣù Karùn-ún, Côte d'Ivoire, tó ń ta iná fún àwọn aládùúgbò rẹ̀, ní láti máa pín iná ní wákàtí wákàtí fún àwọn ará ìlú, nítorí ọ̀dá omi àti ẹ̀rọ tó bàjẹ́. Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà kò nílò kí n ṣàlàyé bó ṣe ń rí.

Dísìkì lè ṣèlérí pé òun á kọ sẹ́kítọ̀ kan tán tàbí kí òun má kọ ọ́ rárá. Kò lè ṣèlérí yẹn fún méjì. Ojú ewé 8192 gba ju ìkan lọ. Bí iná bá lọ láàárín, ìdajì rẹ̀ á jẹ́ tuntun, ìdajì á jẹ́ ti àná. Àwọn tó kọ dátábéèsì mọ̀. PostgreSQL ń kọ odidi ojú ewé sínú ìwé àkọsílẹ̀ ìyípadà rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó bá yí i padà lẹ́yìn checkpoint kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìgbà tó bá kó àwọn ìyípadà inú RAM sórí dísìkì. InnoDB ń kọ ojú ewé síbì kan ná kó tó kọ ọ́ sí ibi tó ń gbé. Bí iná bá dé, wọ́n á fi ẹ̀dà yẹn tún èyí tó ya ṣe.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n ń dáàbò bò? Ojú ewé tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ ni. Ẹ rántí pé lórí partition tó yẹ̀ kúrò lójú ààlà, sẹ́kítọ̀ orí àti sẹ́kítọ̀ ìdí jẹ́ àjọni. Báìtì 512 ti ojú ewé kan ń bá báìtì 3584 ti aládùúgbò rẹ̀ gbé inú sẹ́kítọ̀ kan náà. Nígbà tí dísìkì bá ń ka sẹ́kítọ̀ náà jáde tó ń kọ ọ́ padà, tí iná wá lọ, ojú ewé aládùúgbò, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti oṣù mẹ́ta, lè bàjẹ́. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ nínú ìwé ìyípadà, nítorí pé kò yí padà. Gbèsè tí oníbàárà kan jẹ ní oṣù Kẹta lè bàjẹ́ nítorí táyà tí a tà lónìí. Bí partition bá wà lójú ààlà, ojú ewé kọ̀ọ̀kan ní sẹ́kítọ̀ tirẹ̀, ewu yìí kò sí.

Àwọn dísìkì kan ní ààbò tiwọn fún èyí, àmọ́ kò sí ohun tó yẹ ká fi gbogbo ara lé e. Ó dára kí PostgreSQL máa fi ìṣirò àyẹ̀wò sórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ̀ bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́. Láti ẹ̀dà 18, tó jáde ní 2025, ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé a béèrè. Lórí àwọn ẹ̀dà tó ṣáájú, `initdb --data-checksums` ni, a sì máa ń ṣe é nígbà tí a bá ń dá dátábéèsì sílẹ̀.

SSD kò ní ohun tó ń yí, ìdúró mílísẹ́kọ́ńdì 8 kò sí níbẹ̀. Èyí kò ní kí 63 dára fún un. Inú rẹ̀ pín sí ojú ewé tirẹ̀, láti 4 KB dé 16 KB, kò sì lè kọ lé orí èyí tó ti kọ láìkọ́kọ́ pa odidi àdìpọ̀ rẹ́. Kíkọ tó gun ààlà ń sọ iṣẹ́ kan di méjì, iye ìgbà tí a lè kọ sára SSD sì ní òpin.

Kò pọn dandan fún gbogbo ènìyàn láti sáré lọ tún dísìkì ṣe lónìí. Bí dátábéèsì yín bá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ wọ inú RAM, kíkà kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá, kíkọ nìkan ló máa mọ̀. Oríṣi irúgbìn 20,000 kò jẹ́ nǹkan lójú dátábéèsì. Ìgbà tí a bá fi ìwọ̀n gbogbo oko, gbogbo ọdún àti gbogbo àyẹ̀wò ọ̀kọ̀ọ̀kan kún un ló máa ń di ńlá. Ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà náà, kí ẹ tó pinnu.

Bí ẹ bá pinnu láti tún un ṣe, ẹ kó dátà sí dísìkì mìíràn, kí ẹ sì dá a padà sórí ẹ̀rọ kejì láti rí i dájú pé ẹ̀dà náà ṣí. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí rí kì í ṣe ẹ̀dà. Lẹ́yìn èyí, ẹ pa partition náà rẹ́. Lórí Windows, ẹ wọ `diskpart`, kí ẹ tẹ `create partition primary align=1024`. Lórí Linux, `parted /dev/sdb mkpart primary 1MiB 100%`. Ẹ fọ́máàtì í ní ìwọ̀n tó yẹ, kí ẹ tún wo nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí báìtì dátà kan tó wọlé. Àwọn ètò kan wà, GParted jẹ́ ọ̀kan, tó lè ti partition láti ibì kan sí ibòmíràn láìpa á rẹ́. Wọ́n ń ṣiṣẹ́, àmọ́ gbogbo dátà ni wọ́n ń gbé kúrò ní ipò rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí, bí iná bá sì lọ ní àárín rẹ̀, apá kan dátà á wà ní ipò àtijọ́, apá kan á wà ní tuntun. Níbi tí iná ti ń lọ, kíkó jáde àti dídá padà ni mo fọwọ́ sí, pẹ̀lú UPS tí bátìrì rẹ̀ kò tíì kú.